Ẹni Tí A Ń Kí ní Pẹ̀lẹ́ nílé Fídíò Kòmí

Ní ọ̀sán àná, ọmọ-ọmọ mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo fíìmù lórí fóònù. Mo gbọ́ igbe ọkùnrin kan, lẹ́yìn náà ìró nǹkan tútù tó ń ya. Ó ti rẹ̀ mí, oorun ni mo ń wá, ṣùgbọ́n igbe yẹn gbé mi padà sí ìlú Atakpamé ní Tógò, ní ìgbà èwe mi, sí yàrá tí Kòmí ti ń fi fídíò hàn wá lọ́jọ́ Àìkú bí ìsìn bá ti parí.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí a fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sọ pé ti Amẹ́ríkà ni. Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló ti Amẹ́ríkà wá. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, owó kékeré ni wọ́n sì fi ṣe é. Awọ ara ọkùnrin inú rẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pupa bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. A mọ gbogbo rẹ̀ sórí, síbẹ̀ a ń padà wá.

Ìyá Kòmí ló dá àṣà ibẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé omi mímu wọlé fún wa lọ́jọ́ kan, ó rí ọkùnrin náà, ó ní, "Yéè! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." A rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, bí awọ bá ti ń bó, gbogbo ilé á ké pé, "Pẹ̀lẹ́ o!"

Ablá ọ̀rẹ́ mi kì í bá wa ké. Epo gbígbóná ti jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ìborùn ló fi ń bò ó, nínú ooru pàápàá. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń pè é ní Ẹran Sísun. Ó ti sọ fún mi pé òun ò ní padà sí iléèwé mọ́, oko bàbá òun lòun ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti ń kí ọkùnrin náà lọ́wọ́, Ablá lọ dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tú ìborùn.

"Kúrò lọ́nà, Ẹran Sísun!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹni tí kò gbọ́ yín lẹ ń kí," ó ní. "Èmi tí mo ń gbọ́ ńkọ́?"

Kòmí pa fídíò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti ẹnu ọ̀nà: "Pẹ̀lẹ́, Ablá." Àwa náà wá ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ó yá, ẹ tan fídíò yín."

Ní ọjọ́ Ajé, ó wà ní kíláàsì, kò bo ojú.

Wọ́n ti sọ yàrá yẹn di ibi tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Lónìí, oníkálukú ló ń dá wo fíìmù ẹ̀rù tirẹ̀ lórí fóònù, bí ènìyàn bá sì kí pẹ̀lẹ́, ta ni yóò dáhùn? Ó ń rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Ọyẹ́ tó kọjá la sin Ablá ní ìlú Anié. Fún ìsìnkú náà, nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ mú èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jó kọjú sí wa, tó ń rẹ́rìn-ín.