Ọdún Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Fi Kún Ọjọ́ Orí Mi

Nígbà tí onílé wa ní Ìkòsí fẹ́ ta ilé rẹ̀, àwa tá a ń yá a gbé ló kọ́kọ́ pè. Ilé kékeré ni, yàrá mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni mo ti tọ́ gbogbo ọmọ mi. Mo fẹ́ ilé yẹn débi pé mi ò rí oorun sùn.

Mo lọ sí báńkì kan tó ń yáni lówó ra ilé. Tíṣà ni mí, owó oṣù mi ń wọlé déédéé, ìwé ilé náà sì pé. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ìwé mi wò ń rẹ́rìn-ín títí ó fi kan ìwé ọjọ́ orí mi.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ gbọ́dọ̀ san án tán kẹ́ ẹ tó pé sixty. Years tó kù fún yín ti kéré jù. Ká ní ó tún lé ní ọdún méjì sí i ni, system ì bá gbà á."

Mo ní irọ́ ni ìwé yẹn ń pa. Lábúlé wa nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá gba orí kọjá kan etí kejì, wọn kì í gbà á sílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, ọwọ́ mi ṣáà gùn. Bí bàbá mi ṣe rí i pé ó kan etí, ó ní ọmọ ọdún méje ni mí. Nígbà tó yá, ó lọ búra bẹ́ẹ̀ ní kóòtù.

"Ó yé mi, Mummy, but court paper yín rèé. Tẹ́ ẹ bá yí i padà báyìí, wọ́n máa ní fraud ni."

Inú bí mi sí bàbá mi nínú sàréè, ẹni tó rò pé oore lòun ń ṣe mí. Inú bí mi sí báńkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ta irin l'Ówódé Onírin wá wo ilé náà. Ó rí jẹ jù mí lọ, àmọ́ kò ní ọ̀gá tó ń kọ ìwé owó oṣù fún un, báńkì dá òun náà padà. Onílé wá ní bóyá wíwà tá a wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n rà á, ó ní ká kó jáde. A kó lọ sí yàrá méjì ní Kétu.

Ó ti lé lọ́dún kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó rà á. Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, àgádágodo ara géètì ti dípẹtà. Mo kan géètì náà, èmi tí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú ilé.