Màmá Àgọ̀, Atúlẹ̀kùn Fíríìsà

Ìgbà tí ooru bá kógbá sílé, tí òjò gba ìgboro, ni iṣẹ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Gbogbo nǹkan tí ẹ fi tura lásìkò ooru ni wọ́n ń kó wá sí ọgbà wa: fáànù tí apá rẹ̀ ti kán, kúlà tí kò lọ́mọrí mọ́, àga oníke, agolo oògùn ẹ̀fọn, sílíńdà gáàsì kékeré, àti adágún oníke tí àwọn ọmọ yín ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ ó ní ẹ ti sọ ọ́ nù. Ẹ sọ ọ́ nù sí ibo? Ẹ gbé e kúrò lójú ara yín ni, ẹ gbé e sí ojú tiwa. Inú máa ń bí mi sí i.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń rún irin, tí a sọ ní Ajẹrin. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Màmá Àgọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ máa ń tóbi jù ú lọ. Òun ló kọ́ mi pé a kì í fi bátìrì sílẹ̀ nínú fáànù ọwọ́, torí ó lè gbiná láàárín ike. Pé a gbọ́dọ̀ tẹ agolo oògùn ẹ̀fọn títí kò fi ní mí mọ́. Pé sílíńdà tí ẹnu rẹ̀ wà ní títì kì í wọ inú Ajẹrin, kódà bí ẹni tó gbé e wá bá búra pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Awakọ̀ kan tí kò gbọ́ràn rí i: agolo kan bú gbàmù, ó fò kọjá lórí rẹ̀, ó sì gé e nírun láìbéèrè irú èyí tó fẹ́.

Ṣùgbọ́n bí lọ́rì bá gbé fíríìsà dé, Màmá á fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Á fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Àgọ̀ o," á gbé etí lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò mú sípánà, yóò tú ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Kò sí fíríìsà tó ń fi ilẹ̀kùn wà nínú ọgbà wa. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa.

"Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wọlé," ni mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí kúlà kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu.

"Èmi àti àbúrò mi obìnrin là ń ṣe eré ìfarapamọ́. Bàbá wa ti ti fíríìsà tó bàjẹ́ sẹ́yìn ilé, wọn ò tú ilẹ̀kùn ẹ̀. Irú èyí tó jẹ́ pé tó bá ti pa dé, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò lè ṣí i. Mò ń gbọ́ tó ń kan nǹkan, mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Mo wá a lábẹ́ ibùsùn, mo wá a nílé ìdáná. Ẹ̀yìn ilé ni mo dé kẹ́yìn. Nígbà tí mo débẹ̀, kò kàn án mọ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni, Màmá?"

"Eyín iwájú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni."

Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ kíkàn náà. Lọ́dún tó kọjá yìí, ó wá le sí i. Á ké sí mi pé kí n pa Ajẹrin, pé ẹnì kan ń kànkùn. A óò ṣí i, òfìfo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ogbó ti dé sí i. Èmi náà ì bá gbà bẹ́ẹ̀, àfi pé mo rí nǹkan kan tí mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. A ṣí fíríìsà kan tí iná ò kàn láti ọ̀pọ̀ oṣù, omi sẹ̀ bí ìrì sínú ilẹ̀kùn rẹ̀, àmì ìka kéékèèké sì wà lára omi náà. Bí mo ṣe ń wò ó ló ń gbẹ.

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá kò ní sùúrù fún irú èyí. Ó ní títú ilẹ̀kùn ń fi àkókò ṣòfò, pé Ajẹrin lè jẹ wọ́n tìkòkò tọmọrí.

"Màmá," ó ní, "bí ẹ bá tún dá ẹ̀rọ dúró nítorí òfìfo, ẹ óò máa lọ sílé nìyẹn."

Màmá kò lọ́kọ, kò lọ́mọ. Iṣẹ́ yìí ló kù tó ní láyé.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí, ojú ọ̀run ṣú dùdù, ewé kò mì. Síbẹ̀, mo rí i tí àwọn fáànù tí a kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń yí díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí iná, láìsí atẹ́gùn. Mo ní bóyá òòyì ló ń kọ́ mi.

Lọ́rì kan wọlé. Ó gbé fíríìsà funfun ńlá kan tí awakọ̀ rí lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn tó ni ín ti gbé e jù sí láti ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ wa ti máa ń ṣe, ó ti fi okùn dì í yípo kí ọmọrí rẹ̀ má baà fò ṣí lójú ọ̀nà. Kò wo inú rẹ̀. Wọ́n gbé e tààrà sórí bẹ́líìtì tó ń gbé nǹkan lọ sẹ́nu Ajẹrin.

Ìdí bátìrì ni Màmá wà, lókèèrè. Mo rí i tó gbé orí sókè, tó sáré dé ọ̀dọ̀ wa.

"Pa á," ó ní. "Pa ẹ̀rọ yẹn."

Pẹ̀lú ariwo Ajẹrin, èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ọ̀gá. Ó mi orí pé kí n má pa á.

"Màmá, mo ti kìlọ̀ fún yín."

Màmá kò bẹ̀ ẹ́. Ó gun bẹ́líìtì náà tàgbàtàgbà rẹ̀, ó nà gbalaja sórí fíríìsà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí eyín irin. Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo pa ẹ̀rọ.

Gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa gbọ́ ọ. Kíkàn ni, láti inú. Ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan. Ọ̀kan wúwo, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì fúyẹ́, kò sinmi rárá.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gé okùn. Ọmọkùnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó wà láàyè. Rọ́bà etí fíríìsà náà ti ya lápá kan, ibẹ̀ ni atẹ́gùn díẹ̀ ń gbà wọlé fún un. A wo inú rẹ̀ dáadáa, a wò ó dé ìsàlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni.

Awakọ̀ sáré lọ wá àwọn òbí ọmọ náà. Màmá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?" ni ọmọ náà bi í.

"Ọmọbìnrin wo, ọmọ mi?"

"Èyí tá a jọ ń kàn án. Ó ní kí n má sùn."

Màmá gbé ife sílẹ̀. "Kí ló tún sọ fún ẹ?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá ṣí i. Ó ní kí n má sunkún, pé ẹ̀gbọ́n òun kàn máa ń pẹ́ ni."

Màmá Àgọ̀ gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.