Wọ́n fẹ́ ti ọkọ̀ tó ti ṣíná

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ará Ladi-Lak o!

Àbúrò mi Bọ́lá, tó ń kó bébà fáwọn atẹ̀wé Ṣómólú, gba pikọ́ọ̀pù háíbíríìdì dán wò láàárọ̀ yìí. Bẹntiróòlù àti bátìrì ló jọ ń gbé e rìn. Ẹ̀rù ń ba Bọ́lá pé kò ní lè gbé ẹrù, la bá kó bébà kún ẹ̀yìn ẹ̀ dẹ́nu.

Ó tẹ bọ́tìnnì. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá Sìkírù, aládùúgbò wa, ti ká ṣòkòtò: "Bátìrì ẹ̀ ti kú. Ẹ wá ká tì í!"

Bọ́lá yọrí: "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, mo ti ṣíná!"

"Ṣíná báwo? Ṣé ọkọ̀ kì í pariwo ni?"

Bàbá àtàwọn ará àdúgbò ń tì í lọ́wọ́ ni ọkọ̀ yọ́ lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, tòun tẹrù, ó forí lé Onípánu. Bàbá ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n nawọ́ síwájú.

Bọ́lá padà dé, ẹnu ẹ̀ ò padé: "Bátìrì ló fi rìn, ìyẹn ni ò fi dún. Mo máa rà á!"

Bàbá gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n mirí: "Ọkọ̀ yìí dáa o, ọmọ mi. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kú lóòótọ́, báwo la ṣe máa mọ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá Bàbá lóhùn.