Rímù Abẹ̀bẹ̀ lórí Òkè Ọ̀kà

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ohun tí mo kórìíra jù láyé yìí, rímù ọkọ̀ ni n ó dárúkọ. Mo mọ̀ pé ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ó pa ọkọ mi náà lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ìkàrẹ́ la ń gbé, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni mo ti wá. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń dá gbé lórí òkè, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Ojú ń dùn ún, nítorí náà la ṣe máa ń lọ gbé e wá sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́, tí a ó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bẹ̀ wá: kí a má ṣe jẹ́ kí òun sun ibòmíràn. Ó ní ilé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pẹ́, aláǹgbá ni yóò di baálé ibẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀kà mọ bí òkè ibẹ̀ ti ga tó, pẹ̀lú ọ̀gbun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bàbá mi wa lọ́rì títí ó fi darúgbó, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń tẹnu mọ́: “Jíà tó o fi gun òkè ni kó o fi sọ̀ ọ́.” Ẹ́ńjìnnì ni yóò di ọkọ̀ mú, bíréèkì á kàn máa ràn án lọ́wọ́. Awakọ̀ àtijọ́ wo ní Àkókó ni kò mọ èyí?

Ìgbà tó yá, ọkọ mi ra rímù. Tòkunbọ̀ ni, ó ń dán yanran, irin inú rẹ̀ sì tẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ fáànù. Ẹni tó tà á sọ fún un pé bó bá ti ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí bíréèkì, pé bíréèkì kò ní gbóná mọ́. Ọkọ mi gbà á gbọ́ ju bó ṣe gba èmi gbọ́ rí lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ọ̀rọ̀ bàbá mi tì. Jíà kẹrin, èyí tí ọkọ̀ fi ń sáré, ló fi ń sọ òkè, bíréèkì nìkan ló sì gbójú lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo yí ọkọ̀ náà po. Rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yàtọ̀ síra, nítorí náà bí wọ́n ṣe dè wọ́n sápá méjèèjì, abẹ̀bẹ̀ wọn kò kọjú síbì kan náà. Lápá ọ̀tún, abẹ̀bẹ̀ kọjú síwájú. Lápá òsì, ó kọjú sẹ́yìn. Mo ní, “Bàbá àwọn ọmọ, bí tọ̀tún bá ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, ṣé tòsì kò ní máa fẹ́ ẹ jáde ni? Bíréèkì ẹ̀yìn tiẹ̀ wà nínú irin bíbò. Atẹ́gùn wo ló fẹ́ débẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá àwọn ọmọ, ta ni mẹkáníìkì nínú wa?”

Kò sí mẹkáníìkì nínú wa. Òṣìṣẹ́ káńsù lòun, tíṣà lèmi. Ọ̀rọ̀ mi sì dà bí omi tí wọ́n dà sẹ́yìn igbá.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ti bàbá mi kò tiẹ̀ dúró di alẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ ọsibítù kan ni, a ti gbé màámi, a ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní nǹkan ń jóná. Ọkọ mi ní wọ́n ń sun táyà nísàlẹ̀ ni.

“Ẹ fi sí jíà kejì.”

“Jẹ́ kí n wakọ̀ mi.”

Kò pẹ́ tó tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí tó fi kanlẹ̀. Ó darí ọkọ̀ lu àpáta kí a má bàa já sí ọ̀gbun. Ìyẹn ló gbà wá là, mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi àti òun fẹsẹ̀ ara wa jáde. Màámi kò lè jáde, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Mẹkáníìkì tó wá wọ́ ọkọ̀ sọ ọ́ lójú wa pé páàdì bíréèkì ti jó tán, tọ̀tún tòsì bákan náà. Ó ní rímù tó ṣí máa ń jẹ́ kí ooru jáde díẹ̀ ju èyí tí wọ́n bò lọ, ṣùgbọ́n kò sí rímù tó lè ṣe iṣẹ́ jíà, ibi yòówù tí ojú rẹ̀ ì báà kọ sí. Ọkọ mi ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Ó pe àwọn alùfáà, wọ́n ṣe àdúrà ọpẹ́, a ṣe sàárà, gbogbo ẹnu ń wí pé kádàrá ni. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, mò ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi burúkú. Ọlọ́run kọ́ ló fi jíà kẹrin sọ òkè Ọ̀kà.

Dókítà ní màámi kò tún lè gun òkè yẹn mọ́. Yàrá kan nílé wa ní Ìkàrẹ́ ló wà báyìí. Ọkọ mi ń tọ́jú rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń ra èso fún un, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀. Ohun tí kò tíì sọ ni “Ẹ foríjì mí.”

Láìpẹ́ yìí, màámi bẹ̀ wá pé kí a gbé òun lọ sílé. Bí àwa ará Ọ̀kà ti ń pè é ló ṣe pè é: “Ẹ gbé mi lọ ulé.” Ọkọ mi sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màámi, ilé nìyí. Ilé yín nìyí.”

Màámi fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “Ulé tìrẹ ni,” ló wí, ó sì yíjú sí ògiri.