Òkúta Ìpọ́n-dòjé Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ilé ni wọ́n ń fi mí ṣọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, òkúta kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí mo rò pé ó ti bàjẹ́. Òkúta ìpọ́nbẹ ni, ṣùgbọ́n kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti àwọn ará àdúgbò. Ó tẹ̀ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì yọ ikùn. Bàbá mi nìkan ni wọ́n ń lò ó.

Lọ́dún kan, ìrẹsì wa ti gbó, ọjọ́ kejì la fẹ́ gé e. Bàbá àti ìyá mi lọ wo oko. Mo ní kí n ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ bàbá mi nínú. Mo gbé òkúta náà lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, mo da omi àti yanrìn sí i, mo ń ha á títí ikùn yẹn fi tẹ́jú.

Ìyá àgbà òdìkejì ọ̀nà ló rí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, dòjé bàbá rẹ tẹ̀. Kí ni yóò máa wọ inú rẹ̀ báyìí?"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Inú ibi tó tẹ̀ ni ẹnu dòjé wà, òkúta pẹlẹbẹ kò lè dé ibẹ̀. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo dé ojú ọ̀nà, mo padà. Mo fi òkúta pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi, mo tún lọ gbé e jáde.

Nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n fi àtàńpàkò wá ikùn òkúta náà, wọn kò rí i.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ó dára ni, bàbá."

"Ó dára tẹ́lẹ̀."

Wọn kò nà mí. Ọjọ́ méjì gbáko la fi wá òkúta tó tẹ̀ nínú odò, a sì ń gbọ́ ariwo ẹyẹ lórí ìrẹsì wa láti ibẹ̀. Ọjọ́ kẹta la rí i. Ohun tí ẹyẹ jẹ kù la gé.

Ní Lokogoma, nínú ìlú ńlá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi báyìí, málàmù kan máa ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ wá sí géètì. Ó ń fi ẹsẹ̀ yí i, iná ń ta jáde. "Yauwa, Màmá, ó ti mú." Òkúta róbótó kan náà ló fi ń pọ́n gbogbo ọ̀bẹ. Ìrẹsì pàápàá, inú àpò la ti ń bá a.

Òkúta tí mo bà jẹ́ ni ọmọ ọmọ mi fi ń dá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró. Lánàá ó ní, "Grandma, ṣé kí n jù ú nù?" Mo ní kó fi sílẹ̀.

Kò sí oko mọ́, kò sí dòjé. Síbẹ̀, bí ẹyẹ bá ti ń ké lórí fẹ́ǹsì láàárọ̀, n kì í lè jókòó.