Ọjọ́ Tí Àpáta Rìn Lóko Bàbá Mi

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀sì, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ nípa rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, bàbá mi á ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ rédíò. Lójú tirẹ̀, ìmọ̀ tí kò bá ti lè mú iṣu ta, ariwo lásán ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ariwo mi wúlò lóko rẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kó gbàgbé ọjọ́ náà.

Oko bàbá mi àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pààlà ní ọ̀nà Ìlọ́fà. Iṣu ni bàbá mi ń gbìn, ẹ̀gẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbìn, àpáta pẹrẹsẹ kan sì wà lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn méjèèjì ti ń jókòó jẹun ọ̀sán láti ìgbà tí wọn kò tíì ní irùngbọ̀n. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀sìn kò ju pé à ń jẹ ẹran nílé wọn nígbà Iléyá, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì nílé wa nígbà Kérésì.

Pèrègún ni àwọn bàbá wọn fi pààlà, ṣùgbọ́n iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn àgbà méjèèjì wá pinnu pé àwọn á ri òpó kọnkéré síbẹ̀ nígbà tí àwọn ṣì wà láyé, kí àwọn ọmọ àwọn tó wà ní Ìlọrin àti Èkó má baà tìtorí ilẹ̀ di ọ̀tá. Nọ́ńbà ojú ààlà wà nínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn gbà lọ́wọ́ awọnlẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó kù kò ju kí awọnlẹ̀ mìíràn gbé ẹ̀rọ wá, kí ẹ̀rọ náà fi ibi tí nọ́ńbà wọ̀nyí wà lórí ilẹ̀ hàn wọ́n.

Obìnrin kan ló wá láti Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Mo ru iṣu sísun àti epo tẹ̀lé wọn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè, òun ló sì fi ń mọ ibi tó dúró sí. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó ri igi kan mọ́lẹ̀. Àárín ẹ̀gẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi ni igi náà bọ́ sí, ó jìnnà sí àwọn pèrègún tó ṣẹ́kù.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó wo igi náà títí.

"Ṣé èmi ni mo ti ń jẹ ilẹ̀ ẹ láti ọjọ́ yí?" ó béèrè.

Mo rò pé bàbá mi á ní rárá o. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀rọ éè purọ́." Ó sì yára sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Inú bí mi sí bàbá mi gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dé fìlà padà, ó ń lọ síbi tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i kó kúrò lóko yẹn láìjẹun lórí àpáta. Mo mọ̀ pé bó bá lọ lọ́jọ́ náà, kò ní padà wá jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni mo rántí rédíò. Láàárọ̀, rédíò bàbá mi kò mú ibùdó ọ̀nà jíjìn kankan, ó kàn ń hó bí epo gbígbóná. Bàbá mi pààrọ̀ bátìrì, ó gbá a létí, kò gbọ́. Mo sọ fún un pé ìjì oòrùn ni, pé ìròyìn rẹ̀ ti kún orí fóònù láti àná, ó ní kí n lọ wo ògì lórí iná.

"Ẹ dúró, sà," ni mo pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bi oòrùn ná."

Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún kíláàsì mi. Nígbà mìíràn, oòrùn a máa tú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún iná mànàmáná jáde. Bó bá kọjú sí ọ̀nà wa, láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta á ti dé. Ayé ní agbára òòfà tó yí i ká bí ọgbà. Ìjì náà á mi ọgbà yìí, afẹ́fẹ́ òkè réré á dàrú, àmì sátẹ́láìtì tó ń gba ibẹ̀ kọjá á pẹ́ lọ́nà, ẹ̀rọ á sì rò pé ibi tí òun kò sí ni òun wà. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ojú ọ̀run á pọ́n, á tún ní àwọ̀ ewé. Bó bá le jù, ó lè ba ẹ̀rọ iná mànàmáná odidi ìlú jẹ́.

"Uná tí éè sí," bàbá mi ní, "kí ni ó fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó pa á mọ́ra. Awọnlẹ̀ náà ní ní tòótọ́, àmì ń já mọ́ òun lọ́wọ́ látàárọ̀, òun rò pé igi ló ń dí i ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé ẹ̀rọ lé orí àpáta ìjẹun wọn, kó kọ nọ́ńbà tó bá mú wá sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀rẹ́ bàbá mi pé kó jẹ ẹyọ iṣu kan péré, kí ó tó máa lọ. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá mi.

Nígbà tí a jẹun tán, awọnlẹ̀ tún ẹ̀rọ wò. Lójú ẹ̀rọ, àpáta ti rin ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ọ̀nà Ìlọ́fà. A jẹ máńgòrò, ó tún un wò. Àpáta ti padà, ó ti kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ń bọ̀ ní Ọ̀sì.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Mi è mọ̀ pé àpáta yí ní ẹbí n'Ílọ́fà."

"Ó lọ kí wọn ni," bàbá mi dáhùn. "Éè tiẹ̀ dágbére fún wa."

Ẹ̀rín ni awọnlẹ̀ fi jókòó sílẹ̀. Èmi jó, mo jó yí igi máńgòrò ká, àgbàlagbà olùkọ́ bíi tèmi. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Nǹkan tí o ń kọ́ àwọn ọmọ rèé?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ó dáa." Lẹ́nu bàbá mi, oríkì gidi nìyẹn.

A padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé àpáta, kò kúrò lójú kan. Nígbà tí awọnlẹ̀ wá tẹ̀lé ààlà, ẹsẹ̀ pèrègún gan-an ló gbà lọ, inú gbogbo wa ń dùn, àfi ìgbà tó dé ìpẹ̀kun. Àárín ebè bàbá mi ló ri igi sí. Odidi ìlà ebè méjì ló ti wọ ilẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ń wo ẹnu àdá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tó fi yára sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́: ó ti mọ̀ pé òun ló kọjá ààlà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Mo mọ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ọdún tí ùyá ọmọ yí lọ ni o bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé o éè fẹ́ tètè re ulé mọ́, o sáà ń kọ ebè. Mo ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, ibi tí o bá kọ ọ́ dé, kí o kọ ọ́ dé."

Bàbá mi gbé ojú kúrò lẹ́nu àdá. "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ùwọ ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀rọ gbé ẹ̀gẹ́ mi fún ọ, ṣé o sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín mú bàbá mi, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó rìn dé orí àpáta, ó jókòó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, ó sì na ọwọ́ sí mi pé iṣu dà.