Gẹ̀gẹ̀ Tó Fẹ́ Gba Ohùn Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ohùn mi kọ́kọ́ há. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo ń gba ọ̀rọ̀ ìyànjú sílẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe kí n tó múra ibi iṣẹ́. Láàárín gbólóhùn tí kò le rárá, ohùn náà há, lẹ́yìn náà kò jáde mọ́. Mo wúkọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún há.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òṣogbo. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí àwọn obìnrin ìjọ wa láràárọ̀. N kì í wàásù. Ohun tí mo bá rí lọ́nà ni mò ń sọ: ọlọ́kadà tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi nu ìjókòó lẹ́yìn òjò kí ìyá arúgbó tó gùn ún, koríko tó lu kọnkéré já. Màá wá sọ ibi tí mo ti rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń fi í ránṣẹ́ síwájú, títí ó fi ń dé etí àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Mo rò pé òtútù ni. Mo jẹ orógbó, mo lá oyin, mo mu omi gbígbóná. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò lọ. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́fun. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn. Alhaja Sàídátù tí a jọ ń lo ọ́fíìsì kan ló rí i. Mo ń mu omi, ló bá tẹjú mọ́ mi.

“Ìyá Dàpọ̀, ẹ tún mu ún.”

Mo tún mu ún.

“Nǹkan kan ń gòkè, ó ń sọ̀ lọ́rùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù.”

Gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun gbogbo wa, ó rí bíi labalábá, àwọn dókítà ń pè é ní tairọ́ìdì. Òun ló ń pèsè èròjà tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Tèmi ló wú. Bí ènìyàn bá gbé nǹkan mì, ó máa ń bá ọ̀fun gòkè; ìdí nìyẹn tí Alhaja fi rí i. Wọ́n ṣe skáànù, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fa díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Abẹ́rẹ́ náà kò dùn mí bí mo ṣe rò. Dídúró de èsì ló dùn mí. Lórí àga gígùn tí a ń jókòó sí ní ọsibítù, bàtà àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mò ń wò. Èmi tí mo ń gba ogunlọ́gọ̀ ènìyàn níyànjú, àdúrà kò wá sí mi lẹ́nu ju “Baba” lọ.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó ti ń fún ọ̀nà èémí mi pa, iṣẹ́ abẹ ló kù.

“Mà, mi ò ní tàn yín,” dókítà sọ. “Iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an kọjá. A ó ṣọ́ ọ o, ṣùgbọ́n ó lè fara pa.”

Nínú ìjọ, obìnrin kan bi mí léèrè pé bí a bá gbàgbọ́ tán, kí la fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe? Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo gbéra, mo lọ bá màámi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Nínú oko kòkó ni mo bá wọn. Òjò ti pọ̀ jù, àwọn èso kan ti dúdú lórí igi, màámi sì ń gé wọn sọnù kí àrùn náà má baà ran àwọn tó kù.

“Màámi, ṣé ẹ kò kúkú gbàdúrà sí i ni?” Ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe, pẹ̀lú ohùn mi tó há.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbàdúrà kí n tó kúrò nílé. Ọlọ́run ló ni kòkó, èmi ni mo ni àdá.” Wọ́n wá wo ọrùn mi. “Jẹ́ kí wọ́n gé e, ọmọ mi. Màá wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ kòkó àti àdá yẹn ni mo gbà sílẹ̀ gbẹ̀yìn fún àwọn ènìyàn mi kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí mo jí, ó dà bíi pé mo gbé yanrìn mì. Ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí ìka mi. Wọ́n ní kálíṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ló lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Oògùn sì mú ìrìn èèrà náà kúrò. Màámi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo la ẹnu láti kí wọn, èémí lásán ló jáde.

Dókítà ní iṣan náà kò já, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kó tó jí. Mo sunkún nílé. Mo dojú fóònù bolẹ̀, n kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé e, ohùn Alhaja ni mo gbọ́ lórí Wasáàpù, níbi tí òun náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú àwọn obìnrin wa: “Ìyá Dàpọ̀, ẹ má fèsì o. Mo rí nǹkan lónìí, mo ní ká ní ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀ bá ti sọ ọ́. Àṣá gbé ọmọ adìẹ kan ládùúgbò wa. Ìyá rẹ̀ pariwo títí. Kò pẹ́, ó tún ń tan ilẹ̀ fún àwọn tó kù. Allah kò ní jẹ́ kó sú wa.”

Lọ́jọ́ kejì, opó kan nínú ìjọ wa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kẹ̀ tó já tí ọmọ rẹ̀ ń sín padà ni. Bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn láràárọ̀, pẹ̀lú ikọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ariwo ọmọ lẹ́yìn. Mo ti rò pé èmi nìkan ló ń rí nǹkan. Ojú wọn ti là, wọ́n ti ń rí ju èmi lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n kọ́ mi ní eré ìdárayá ohùn: kí n fi sítírọ̀ tí a fi ń fa ohun mímu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ife omi, kí n máa kùn bí oyin. Mò ń kùn, àwọn ọmọ mi ń bá mi kùn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń fìyà jẹ mí jù. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, awakọ̀ kì í gbọ́. Wọ́n á gbé mi kọjá, màá sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ti fẹ́ kọjá ilé wa, mo la ẹnu.

“Ó wà o!”

Awakọ̀ tẹ bíréèkì, gbogbo wa fò síwájú. “Ah, màmá! Ẹ rọra, mo ti gbọ́!”

“Jọ̀ọ́, tún un sọ,” ni mo wí, omijé ń dà lójú mi. “Sọ pé o ti gbọ́.”

Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. “Mo ti gbọ́, mà.”

Mo jó wọlé. Ọkọ mi bá mi jó láìbéèrè ìdí.

Ohùn mi ti wúwo díẹ̀ báyìí, n kò lè gun òkè orin mọ́ bíi ti àtijọ́. N kò bá a jà. Ara yìí ti jìyà, ó sì dìde. Ọpẹ́ ni mo jẹ ẹ́, ọpẹ́ ni mo jẹ Ẹni tó dá a. Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ohùn rẹ bá há tí kò lọ, lọ fi ọrùn rẹ han dókítà, sì máa gbàdúrà lọ.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí láti ọsibítù pé kí n wá bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún. Ẹ̀rù ń bà á, kò fẹ́ jẹun. Mo jókòó tì í, mo tú ìborùn mi kó lè rí àpá náà. Ó na ìka rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́.

“Ṣé ó dùn yín, mà?”

“Ó dùn mí,” ni mo wí, sókè, gbogbo wọ́ọ̀dù sì gbọ́. “Ó ti jinná.”